Ògiri Tó Yọ Ikùn

Ẹ fa àga yín súnmọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ, kó tètè lọ mu omi kó padà wá, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ìtàn ògiri ni mo fẹ́ sọ. Mo rí i bí ẹ ṣe ń wo ara yín lójú, pé kí ni ògiri ṣe tí a ó fi jókòó tì í. Ẹ ní sùúrù. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri tèmi yìí kò lanu o. Ikùn ló yọ. Mo sì ṣèlérí fún yín pé kí n tó dákẹ́, ẹnìkan nínú yín á ti máa fi ojú wá ògiri ilé ara rẹ̀.

Bíríkìlà àgbà kan wà. Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́rin ọdún, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì nà ṣánṣán bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó gbé e dúró. Okùn-Ìwọ̀n ni gbogbo ìlú ń pè é. Ẹ mọ okùn ìwọ̀n: okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí wọ́n so irin wúwo mọ́ nídìí. Bíríkìlà á fi í rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, irin á fà á wálẹ̀ tààrà, ibi tí ògiri bá sì ti wọ́, okùn á tú àṣírí rẹ̀. Àwọn bíríkìlà yòókù ń fi tiwọn sínú àpò iṣẹ́. Baba yìí ń fi tirẹ̀ sínú àpò ṣòkòtò, níbi tí ọkùnrin mìíràn ń fi ìnujú sí.

Kò sí ilé tó wọ̀ tí kì í yọ ọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣubú, ó dá lẹ́sẹ̀, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Baba lọ kí i. Kó tó kí aláìsàn, ó ti fi okùn rọ̀ sára ògiri lẹ́yìn ibùsùn, ó mi orí, ó ní, "Ó fi ìka méjì wọ́ sọ́tùn-ún. Ẹsẹ̀ ńkọ́?" Àna rẹ̀ kọ́ ilé tuntun, ó pè é pé kó wá bá òun yọ̀. Baba yí pálọ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, "Ilé yìí dára gan-an. Ẹni tó bá ṣáà fẹ́ fara ti ògiri yẹn, kó kọ́kọ́ gbàdúrà." Ọdún méjì gbáko ni àna náà kò fi kí i.

Ṣùgbọ́n ẹni tó jìyà ẹnu rẹ̀ jù ni Káfíńtà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Okùn-Ìwọ̀n ti mú un tú ilẹ̀kùn kan ṣoṣo kọ́ nígbà mẹ́fà lọ́jọ́ kan. Nígbà keje, Káfíńtà sọ òòlù sílẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, ènìyàn ni mí o. N kì í ṣe ẹ̀rọ."

"Ṣé o mọ ògiri apá òsì Ilé Ìfìwéránṣẹ́?"

"Ta ni kò mọ̀ ọ́n?"

"Ènìyàn ló mọ ọ́n. Gbé ilẹ̀kùn rẹ."

Èsì rẹ̀ sí gbogbo ènìyàn nìyẹn. Àwọn bíríkìlà kéékèèké tó bá ti ṣe àṣìṣe, bí wọ́n bá rí i lókèèrè, wọ́n á fi tapólì bo ògiri wọn bí ẹni bo ihòòhò. Ilé Ìfìwéránṣẹ́ yìí ló lọ́jọ́ lórí jù nínú ìlú. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ó ní òpó mẹ́rin níwájú, aago roboto kan wà níwájú orí rẹ̀, ó kọjú sí gbàgede ìlú. Ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, lọ́rì kan tí bíréèkì rẹ̀ já wá forí sọ apá òsì, ògiri ibẹ̀ sì wó lulẹ̀. Okùn-Ìwọ̀n, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ni wọ́n pè kó tún un mọ. Iṣẹ́ yẹn ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde.

Ẹ wá sún mọ́ mi dáadáa, kí n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nígbà náà. Ògiri yẹn yọ ikùn. Láàárín rẹ̀, níbi tó ga bí ẹni gbé ènìyàn méjì lé ara wọn, ó wú síta ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, bí ikùn ẹni tó jẹun yó tó wá ń fi ọwọ́ pa á. Ohun tó fà á kò ju ọ̀rọ̀ ojú lọ. Fèrèsé ibi tí wọ́n ti ń ta sítáǹbù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, ọmọbìnrin kan sì wà nídìí rẹ̀ tí eyín rẹ̀ funfun, tó máa ń lá sítáǹbù fún àwọn arúgbó tí ètè wọn gbẹ. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí bá mọ bíríkì kan, á wo fèrèsé lẹ́ẹ̀kan. Ojú kan kì í ṣọ́ ọ̀nà méjì. Nígbà tó mọ ọ́n parí, tó fi okùn rọ̀ ọ́, okùn tàdí sẹ́yìn kúrò lára ògiri bí ìyàwó tó ń bínú. Ó ti mú òòlù pé kó wó o, ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ bá jáde láti wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, tòun ti ọmọbìnrin sítáǹbù lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Ó mà dára o." Ta ló máa wó ògiri lẹ́yìn ìyẹn? Kí ọdún tó yí, ó ti fẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà pé òun ti bọ́. Ó gbin ewéko kan tó ń fà sídìí ògiri náà, ọdún mẹ́ta kò pé tí ewé ti bo ikùn mọ́lẹ̀ bámúbámú. Láti ìgbà yẹn, òwúrọ̀ kan kò lọ tí kò gbé garawa omi lọ bomi rin ewéko yìí. Ó ń fi òkò lé ewúrẹ́ níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ ń tọ́ka sí i fún àwọn ọmọ iléèwé: "Ẹ wo baba tó fẹ́ràn òdòdó." Káńsù tilẹ̀ ti fún un níwèé ẹ̀rí ìtọ́jú ìlú, ó sì gbé e kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀. Ó kọ́ ọ tààrà.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ti Okùn-Ìwọ̀n kò tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn wá, iná ló gùn wá.

Ìlú fẹ́ ṣe ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún Ilé Ìfìwéránṣẹ́. Akọ̀wé káńsù, ọkùnrin kúkurú kan tí ohùn rẹ̀ ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ, pe ìpàdé, ó ní àwọn ti rí ọmọbìnrin kan tó mọ iṣẹ́ iná. Á gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sórí òrùlé ilé tó kọjú sí Ilé Ìfìwéránṣẹ́, á máa da àwòrán sára ògiri, ẹ ó rò pé ilé náà ń mí ni. Òpó á di igi, fèrèsé tó ti kú á ṣí, àwọn tó ti fi ayé sílẹ̀ á tibẹ̀ jáde máa rìn.

"Ṣùgbọ́n," ni Akọ̀wé wí, "iná kò lè hàn lórí ewé. Ewéko apá òsì yẹn máa kúrò."

Lọ́jọ́ kejì tí Baba gbé garawa rẹ̀ débẹ̀, kùkùté ló bá. Ìdajì wákàtí péré ni wọ́n fi gé iṣẹ́ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. Ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bọ́ ṣòkòtò rẹ̀ láàárín ọjà. Nígbà tó rí i pé àwọn ènìyàn ń kọjá lọ tí ẹnikẹ́ni kò tọ́ka sí nǹkan kan, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ojú lásán kò tètè rí ìka mẹ́rin lára ògiri tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ náà, ó gba gbàgede kọjá. Ọmọbìnrin oníná wà níbẹ̀, ó wọ ṣòkòtò alápò mẹ́jọ, ó gbé kọ̀ǹpútà lé ọwọ́ kan bí ẹni gbé ọmọ. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Abẹ́ ọ̀gá ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Èyí ni àkọ́dáṣe rẹ̀. Bó ṣe tẹ nǹkan kan báyìí, ẹ̀rọ orí òrùlé tan, ìlà funfun sì bo gbogbo ilé náà lóròó àti ní ìbú, bí àwọ̀n apẹja. Lápá ọ̀tún, gbogbo ìlà tọ́ bí òwú. Lápá òsì, àwọ̀n wú bí ẹni pé ẹja ńlá kan há sínú rẹ̀.

Baba sún sẹ́yìn, ó fẹ́ yọ́ lọ.

"Ẹ káalẹ́, bàbá," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ẹ wo nǹkan! Ògiri yìí lóyún."

"Kí ló ní?"

"Oyún ni, bàbá. Ẹ ò rí bí ìlà ṣe ń tẹ̀? Ó ti tó oṣù mẹ́jọ. Ta ló tiẹ̀ mọ ògiri yìí?"

Okùn-Ìwọ̀n wúkọ́. "Ó ti kú," ló wí.

"Áà! Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ wọn o."

"Àmín," ni Baba wí, ó yíjú padà, ó ń lọ kánkán.

"Ẹ má jẹ́ kó dùn yín o, bàbá, mo mọ ohun tí mo máa ṣe sí i!" ni ọmọbìnrin náà ké tẹ̀ lé e.

Bó bá dúró gbọ́ èyí tó kù ni, ìtàn yìí ì bá parí síbẹ̀, kí kálukú wa lọ sùn. Ṣé ẹ mọ bí télọ̀ ṣe ń ránṣọ fún aboyún? Kò ní sọ pé kí aboyún lọ yọ ikùn sílé kó tó wá. Aṣọ ni á ṣe tẹ̀ lé ikùn, débi pé bó bá wọ̀ ọ́, ojú á rí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá a mu rẹ́gí. Ohun tí ọmọbìnrin oníná ń ṣe nìyẹn. Wákàtí mẹ́ta ló fi tẹ àwòrán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fi bá ikùn ògiri mu, títí gbogbo ìlà tún fi tọ́ lójú ẹni tó ń wò. Ó fi tapólì bo ẹ̀rọ, ó kìlọ̀ fún ọlọ́dẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ó bá tirẹ̀ lọ láti lọ parí àwòrán tó kù. Ọjọ́ ayẹyẹ ló máa padà wá. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ògiri. Ta ló ń kìlọ̀ nípa ògiri?

Nílé, ìyàwó Baba gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Obìnrin tó ń ta sítáǹbù ọjọ́sí ni. Ó ti fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ sì ṣì mú bí ìgbà tó ń yẹ àdírẹ́sì wò. Ó wo ọkọ rẹ̀ títí.

"Bàbá wọn, oúnjẹ lẹ̀ ń jẹ ni àbí ẹ̀ ń rẹ́lé? Ẹ ti fi ṣíbí tẹ́ gbogbo rẹ̀ pẹrẹsẹ."

Ó mí kanlẹ̀. "Ìyá wọn, bí ènìyàn bá ní àbàwọ́n lára aṣọ, kí ló yẹ kó ṣe?"

"Kó fọ̀ ọ́."

"Bí kò bá ṣe é fọ̀ ńkọ́?"

"Kó má wọ̀ ọ́ jáde."

"Bó bá ti ń wọ̀ ọ́ jáde láti àádọ́ta ọdún ńkọ́?"

Obìnrin náà gbé ife omi rẹ̀ sílẹ̀. "Aṣọ wo nìyẹn? Ẹ bọ́ ọ kí n rí i."

Kò bọ́ nǹkan kan. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, èyí ló ń rò lọ́kàn. Ó rí Káfíńtà nínú ìrònú rẹ̀, tó fi ọwọ́ lérí, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó rí àna rẹ̀. Ó rí gbogbo bíríkìlà ìlú tí wọ́n tò bí ọmọ iléèwé níwájú ikùn ògiri. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti pinnu: bí iná bá fẹ́ fi ikùn hàn, òun á pa ikùn náà rẹ́.

Ẹ wá wo bí ẹnìkan ṣe ń ṣe ọ̀ràn lójú ọ̀sán gangan, tí gbogbo ayé ń kí i kú iṣẹ́. Ó gbé àkàsọ̀ rẹ̀, yanrìn, sìmẹ́ǹtì àti ṣíbí ìrẹ́lé lọ síbẹ̀ ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Ta ló máa bi bíríkìlà àgbà pé kí ló ń wá nídìí ògiri?

"Baba, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ̀ ń bá wa tún ìlú ṣe!"

"Ìlú wa ni," ni Baba ń dáhùn látòkè.

Ọlọ́dẹ tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń pọn omi fún un. Akọ̀wé káńsù náà dé, ó ṣíjú wòkè.

"Baba, kò sẹ́ni tó bẹ̀ yín níṣẹ́ yìí o."

"Ìfẹ́ ìlú ni."

Akọ̀wé yọ ìnujú, ó nu ojú. Ó ní bí ìlú bá ní irú Baba mẹ́wàá, kò ní sí wàhálà.

Ọjọ́ méjì ni Baba fi kún òkè ikùn, tó fi kún ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, títí ògiri fi tẹ́ pẹrẹsẹ láti òkè dé ilẹ̀. Ó kùn ún ní ẹfun funfun. Ìkánjú ló fi ṣe é ṣá: yanrìn pọ̀ ju sìmẹ́ǹtì lọ, kò fi omi rin ara ògiri, kò sì ha á kí ìrẹ́lé lè ráyè dì mú. Bí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe irú rẹ̀, á sunkún. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi okùn ìwọ̀n rọ̀ ọ́, okùn lẹ̀ mọ́ ògiri bí ọmọ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìyá. Díẹ̀ ló kù kó jó lórí àkàsọ̀.

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. Gbàgede kún fọ́fọ́. Àwọn kan gbé àga wá láti ilé, àwọn kan gbé ọmọ lé èjìká. Okùn-Ìwọ̀n jókòó síwájú, ìyàwó rẹ̀ lọ́tùn-ún, Káfíńtà lósì. Ọmọbìnrin oníná ti dé láti ọ̀sán, kò sì rí nǹkan kan àfi pé ilé náà funfun ju bó ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn sí i.

Wọ́n pa iná gbàgede. Aago iwájú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yí, òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hu ewé. Gbogbo ènìyàn ṣe "Hẹ̀ẹ̀n!" Lẹ́yìn náà ni oníwèé àtijọ́ kan, ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà kiri, jáde lápá ọ̀tún, ó gun kẹ̀kẹ́, fìlà rẹ̀ gún, báàgì lẹ́tà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wa kẹ̀kẹ́ kọjá òpó kìíní, ó kọjá ìkejì, ó ń rẹ́rìn-ín. Bó ṣe dé apá òsì, taya iwájú gùn bí ẹyin. Imú rẹ̀ fà. Agbárí rẹ̀ wọlé, àgbọ̀n rẹ̀ jáde. Kẹ̀kẹ́ ká kò bí ejò tí wọ́n tẹ̀ nírù.

Ọmọdé kan ké pé, "Màámi, ẹ wò ó, baba oníwèé ti yó!"

Ẹ̀rín bú. Àwọn ọmọ iléèwé lára ògiri tò jáde, ẹsẹ̀ wọn tọ́ lápá ọ̀tún. Bí wọ́n ṣe dé òsì, itan wọn wú, ẹsẹ̀ wọn wọ́, bí ẹni tó yá itan ẹlòmíràn lò. Fèrèsé tó yẹ kó ṣí dùbúlẹ̀.

Káfíńtà rọra fẹnu sí etí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Okùn-Ìwọ̀n, ṣé ògiri rẹ ló ń mì ni àbí ojú mi?"

"Ojú rẹ ni."

"Ojú gbogbo ìlú ńkọ́?"

"Iná ló wọ́!" ni Baba jágbe. "Ògiri mi tọ́!"

Akọ̀wé ti dìde, ó ní kí wọ́n tan iná gbàgede, kí oníná wá síwájú. Ọmọbìnrin náà sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé, ó di kọ̀ǹpútà mọ́ àyà.

"Kí lèyí?" ni Akọ̀wé bi í.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ògiri apá òsì yìí yọ ikùn. Mo wọ̀n ọ́n ní ìjẹta-ìjẹrin… rárá, ó ti tó ọjọ́ márùn-ún. Mo tẹ àwòrán mi kó bá ikùn náà mu. N kò mọ ohun tó…"

Wọn kò jẹ́ kó parí rẹ̀. "Ògiri ta ni? Ògiri Okùn-Ìwọ̀n ló yọ ikùn?" Ẹ̀rín yìí pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹnìkan ké pé, "Baba, ẹ fi okùn wọ̀n ọ́n fún un!" Wọ́n ti Baba síwájú. Ọwọ́ rẹ̀ wọ àpò kó tó rò ó. Wọ́n gbé àkàsọ̀ wá, ó gùn ún, ó fi okùn rọ̀. Okùn lẹ̀ mọ́ ògiri látòkè délẹ̀, kò fi ìwọ̀n ewé kan tàdí.

Ariwo àtẹ́wọ́ sọ. Láyé rẹ̀, wọn kò pàtẹ́wọ́ fún un tó bẹ́ẹ̀ rí. Káfíńtà náà pàtẹ́wọ́, ó ní, "Mo gbà. Mo gbà fún ọ."

Akọ̀wé wá kọjú sí ọmọbìnrin náà. "Ẹ ti rí i fúnra yín. Ẹ máa kó ẹ̀rọ yín. Màá kọ̀wé sí gbogbo ìlú tí ẹ ní ẹ tún fẹ́ lọ, kí wọ́n mọ irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe."

Ọmọbìnrin náà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, ó ń pa á kiri bí ẹni tó ń wá ibi tó ń dun ọmọ. "Ṣùgbọ́n mo wọ̀n ọ́n," ló wí. Lójijì ó gbójú sókè, ó rí Baba lórí àkàsọ̀. "Bàbá! Ẹ̀yin náà mà wà níbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà! Ẹ fojú yín rí ikùn yẹn. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ẹni tó mọ ògiri náà ti kú!"

Gbogbo ojú gun àkàsọ̀ lọ bá Baba.

Láti orí àga rẹ̀, ìyàwó Baba dìde. "Ta ló kú?"

Ẹ wo ọkùnrin lórí àkàsọ̀. Ohun tó ń wá láti àádọ́ta ọdún ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́: ògiri rẹ̀ tọ́ lójú gbogbo ayé, okùn jẹ́rìí, ìlú pàtẹ́wọ́. Kó sáà ti mi orí pé òun kò mọ ọmọbìnrin yìí rí, ó parí. Ó wo ìsàlẹ̀. Omijé ti dé ojú ọmọbìnrin náà, ó sì kọ̀ kó jẹ́ kó bọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí i lọ́kàn, kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀.

"Ìyá wọn," ló wí, "èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mo kú. Mo parọ́ fún un. Ògiri yìí yọ ikùn, láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọ́n ló ti yọ ọ́. Ìdí tí mo fi gbin ewéko nìyẹn. Ní ìjẹta ni mo rẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Iná ọmọ yìí kò wọ́. Ọmọ yìí mọ iṣẹ́ jù mí lọ."

Káfíńtà ló kọ́kọ́ lanu. "Okùn-Ìwọ̀n… ilẹ̀kùn nígbà mẹ́fà?"

"Má bínú."

"Ìgbà mẹ́fà!"

"Kí ló mú kí ẹ mọ ọ́n wọ́?" ni Akọ̀wé bèèrè, ó ti gbàgbé pé inú ń bí òun.

Baba tọ́ka sí fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Obìnrin kan ń ta sítáǹbù níbẹ̀ yẹn."

Gbogbo orí yí sí ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o! Mo ru oyún ọmọ márùn-ún fún ọkùnrin yìí, kò tó o, ó tún fẹ́ kí n ru ti ògiri!"

Bí ẹ̀rín ṣe bú lọ́tẹ̀ yìí, ẹyẹ tó sùn sẹ́yìn aago fò jáde.

"Wákàtí mẹ́ta ni màá fi tún gbogbo àwòrán tẹ̀," ni ọmọbìnrin oníná wí, ó ń nu ojú rẹ̀.

"Wákàtí mẹ́ta kẹ̀?" ni Baba wí. "Ìrẹ́lé tí mo fi ẹ̀rù rẹ́ kò dì mọ́ nǹkan kan. Lọ tan ìlà rẹ yẹn fún mi. Káfíńtà, di àkàsọ̀ mú!"

"Kí n dì í mú tààrà ni àbí kó wọ́ díẹ̀?"

"Dì í mú, jọ̀ọ́."

Àwọ̀n ìlà funfun tún bo ilé náà, ó bo ẹ̀yìn Baba àti ìdí ṣòkòtò rẹ̀. Ó ki ẹ̀gbẹ́ òòlù bọ abẹ́ ìrẹ́lé, ó yẹ̀ ẹ́, ègé kan tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn sì já bọ́, pàà! Ìlú hó yèè. Ó tún yẹ òmíràn. Ọmọbìnrin oníná ń pariwo látorí òrùlé: "Ó kù díẹ̀ lápá òsì, bàbá! Rárá, ọ̀tún kọ́, òsì ni!" Àwọn èrò náà ń bá a pariwo, "Òsì! Òsì!" Baba tó ti ń fi ìka tọ́ka sí ògiri gbogbo ìlú láti ọjọ́ yìí, ìlú wá ń tọ́ka sí tirẹ̀ fún un, wọn kò sì gbowó ọ̀yà. Kò tó ìdajì wákàtí tí ikùn fi yọ síta pátápátá, gbogbo ìlà sì nà gbọọrọ.

Oníwèé tún jáde. Ó wa kẹ̀kẹ́ kọjá òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó dé apá òsì, ó gun ikùn, ó sọ̀ ọ́, taya rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó bọ́ fìlà, ó kí ìlú. Akọ̀wé káńsù pàtẹ́wọ́ títí fìlà tirẹ̀ náà fi já bọ́, ó sì lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà lójú gbogbo èrò.

Ẹ má rò pé ìlú fi Baba sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. Oṣù kan gbáko ni wọ́n fi ń wá kí i kú ewu ìbímọ. Bó bá jáde, àwọn ọ̀dọ́ á bi í pé oṣù mélòó ló kù. Ó ń gbọ́, ó ń fara dà á. Ìyàwó rẹ̀ ló ń lé wọn. Obìnrin kan náà yìí sì ni wọ́n máa ń rí nírọ̀lẹ́, tó dúró níwájú ògiri, tó ń wo ikùn náà, tó ń rẹ́rìn-ín sínú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba lẹ́tà.

Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bíríkìlà ọ̀dọ́ kan kan ilẹ̀kùn. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ ògiri kan lánàá. N kò mọ ohun tó ṣe é níbàdí. Tẹ́lẹ̀, n kò lè wá bá yín. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé, nísinsìnyí…"

"Nísinsìnyí tí kí ni?"

"Nísinsìnyí tí ẹ mọ bó ṣe ń ṣe ènìyàn."

Baba wọlé lọ mú fìlà. "Ṣé kò tíì gbẹ?"

"Kò tíì gbẹ tán, sà."

"Yára kó tó gbẹ. Sìmẹ́ǹtì tútù kì í lóríkunkun, tó bá gbẹ ni wàhálà dé."

Wọ́n jọ lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn méjì mìíràn dé, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ilé rẹ̀ wá di ilé ìwòsàn ògiri, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó jẹ́ jẹ́wọ́ pé òun ni aláìsàn.

Káfíńtà tó di àkàsọ̀ mú ló sọ gbogbo èyí fún mi, lọ́jọ́ tó wá kọ́ ilẹ̀kùn yàrá mi. Ìyàwó bíríkìlà wà níjòókòó, ó ń yọ ibi tí Káfíńtà bá ti fi iyọ̀ sí ìtàn kúrò. Èyí tó kù tí mo kó wá bá yín nìyí.